PS1 àfọwọ́kọ àbí Starship, èwo ni kó o lò fún prompt ẹ?

Prompt ni ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń hàn níwájú ibi tó o ti ń tẹ kọmáǹdì. Tó bá jẹ́ bash (ètò tó ń gba kọmáǹdì) lò ń lò, PS1, ìyẹn ibi tó o ti ń sọ bí prompt á ṣe rí, ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, o ò ní dáùnlóòdù nǹkankan. Ṣáà ṣí fáìlì ~/.bashrc, kọ PS1='\u@\h:\w\$ ' sí i, ó parí: \u ni orúkọ ẹ, \h ni ti kọ̀ǹpútà, \w ni fódà tó o wà. Ibi tó ti ń dààmú èèyàn ni àwọ̀, torí gbogbo kóòdù àwọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín \[ àti \], àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bash á ṣi gígùn prompt kà, tó o bá wá ń tẹ kọmáǹdì tó gùn, á padà sórí ìlà kan náà, á máa kọ lé ohun tó o ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí, ó máa ń súni gan-an!

Starship ní tiẹ̀, ètò tó ń bá ẹ ṣe prompt ni, èdè Rust ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́ nínú bash, zsh, fish àti PowerShell, fáìlì starship.toml nìkan ló sì ń darí ẹ̀. Tó o bá ti wọ fódà git (ètò tó ń tọ́jú ìyípadà kóòdù) báyìí, á fi branch (ẹ̀ka kóòdù) tó o wà hàn ẹ́. Àmọ́ o nílò Nerd Font (fọ́ǹtì tó ní àwọn àmì àfikún), kí àwọn àmì ẹ̀ má bàa di àpótí òfìfo.

Lójú tèmi o, lórí server tó ò ń wọ̀ látòkèèrè, PS1 ni. Lórí kọ̀ǹpútà tìẹ gan-an, gbé Starship sí i.