Yàrá Anechoic fún Ìdánwò Áńténà: Onígun Mẹ́rin, Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó, àbí Near-field?

Yàrá anechoic ni yàrá tí wọ́n fi fóòmù tó ń gbé ìgbì rédíò mì bo inú rẹ̀, kí ìgbì má baà ta padà nígbà tí ẹ bá ń dán áńténà wò. "−40 dB" ni olùtajà rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ nà sí yín: dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìgbì tó ta padà ṣe kéré tó sí èyí tó wá tààrà. Ẹ bi í: ní fríkúẹ́ńsì wo? Ṣé fóòmù nìkan ló ń sọ, àbí ààyè tí áńténà máa jókòó sí gan-an? Fóòmù ṣóńṣó tó ga ní nǹkan bí 30 cm lè dín ìgbì tó ń padà kù ní 40 dB ní 3 GHz, tí ìgbì bá kọlù ú tààrà. Ní 500 MHz, nǹkan bí 30 dB ni. Tí ìgbì bá dagun kọlù ú, ó tún burú sí i. Ìdí nìyí tí àṣìṣe fi sábà máa ń ti ara ògiri ẹ̀gbẹ́ wá.

Ká ní sidelobe áńténà yín (ìgbì tó ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, kì í ṣe ibi tó dojú kọ) wà ní −20 dB. Tí ìgbì tó padà bá wà ní −40 dB, àṣìṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1 dB. Tó bá jẹ́ −30 dB, ó lè ju 3 dB lọ; irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ò ṣeé fún oníbàárà.

Yàrá onígun mẹ́rin ló rọrùn jù láti lò àti láti tún ṣe, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ààyè. Áńténà tó fẹ̀ ní 60 cm, ní 3.5 GHz, ń fẹ́ 8.4 m láàárín òun àti èyí tó ń ránṣẹ́ sí i, ẹ ò tíì ka fóòmù ìpẹ̀kun méjèèjì. Mélòó nínú ilé tí wọ́n ń háyà ní Yábàá ló ní gbọ̀ngàn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láìsí òpó láàárín?

Yàrá ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tó ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ síbi tí ìgbì ti ń wá, dáa fún ìsàlẹ̀ 500 MHz. Tí iṣẹ́ yín ò bá dé ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Near-field ló gba ààyè tó kéré jù: ó ń wọn ìgbì káàkiri ìtòsí áńténà, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò bó ṣe máa rí lókèèrè. Àmọ́ tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí AC kú, ooru á yí phase (ipò tí ìgbì wà nínú ìyípo rẹ̀) inú wáyà padà, ẹ ó sì tún un wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀. Inverter tó lè gbé AC àti ẹ̀rọ ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wà nínú owó tí ẹ ń ṣírò. Fún áńténà Wi-Fi àti 5G kéékèèké, òun la fara mọ́, tí iná bá dájú.

Ẹ má san owó ìkẹyìn kí wọ́n tó dán yàrá wò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹ yí ojú áńténà ìdánwò kúrò lára èyí tó ń ránṣẹ́ sí i títí àmì tààrà fi lọ sílẹ̀ ní 15 dB, kí ẹ wá rọra fà á kọjá ààyè náà. Tí àmì bá ń lọ sókè-sódò ní 1 dB láti òkè dé ìsàlẹ̀, −40 dB ni yẹn lóòótọ́. Fríkúẹ́ńsì tó kéré jù tí ẹ máa lò ni kí ẹ fi ṣe é, kó sì wà nínú àdéhùn.

Ní Victoria Island, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun máa ń ba àwọn ìka bàbà etí ilẹ̀kùn (èyí tó ń dí àlàfo kí ìgbì ìta má baà wọlé) jẹ́, àmì mast ìta á sì máa jò wọlé. Ẹ máa nù wọ́n déédéé, kí ẹ sì ra àfikún ìka mọ́ yàrá náà.