Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn iyọ̀ inú omi kànga mi: ibi tó ti wúlò, ibi tó kù sí

Ọgbà ẹ̀fọ́ mi wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, lórí ilẹ̀ iyanrìn tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, níbi tí èèyàn kì í gbẹ́lẹ̀ jìnnà kó tó kan omi. Ìrọ̀rùn ni mo kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rùn mú, etí ewé ata mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni pé iná rà á, bẹ́ẹ̀ mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo tọ́ omi kànga wò, n kò mọ iyọ̀ kankan lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀rọ yìí, tí kò tóbi ju báírò tó sanra lọ, tí a ń ki ìdí rẹ̀ bọ omi, tí yóò sì gbé nọ́ńbà jáde.

Bí iná mànàmáná ṣe ń rọrùn kọjá nínú omi ni ó ń wọ̀n, nítorí pé bí iyọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iná ń ráyè kọjá sí i. Nínú ìlànà FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Àjọ Àgbáyé, omi tí kò tó 700 µS/cm (ìwọ̀n bí iná ṣe ń kọjá nínú omi) kò léwu fún ohun ọ̀gbìn. Èyí tó bá ju 3,000 lọ, ewu rẹ̀ ga. 1,900 ni kànga mi. Ata ti ń pàdánù èso bí iyọ̀ inú omi ara ilẹ̀ bá ti kọjá 1,500, tòmátì ń fara dà á dé 2,500, ọkà báálì sì lè dé 8,000.

Ibi tí ẹ̀rọ náà kù sí ni pé omi nìkan ló ń kà, ilẹ̀ gan-an sì ni ọ̀ràn wà. Mo ha iyẹ̀pẹ̀ funfun tó dì sórí ebè, mo pò ó mọ́ omi òjò ní ìlọ́po márùn-ún, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún iyẹ̀pẹ̀ tí mo wà láti ìsàlẹ̀: ti òkè ju ti ìsàlẹ̀ lọ dáadáa. (Ìfiwéra lásán nìyẹn, omi ti là á, a kò lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1,500 ti ata.) Omi tó wà nítòsí ń gun iyẹ̀pẹ̀ bọ̀ bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà, oòrùn á gba omi lọ, iyọ̀ á sì jókòó síbẹ̀. Gbòǹgbò wà nínú ọ̀rinrin, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, nítorí pé iyọ̀ ń bá a du omi náà.

Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún mi kò fi omi ìdánwò 1,413 µS/cm sí i, ìyẹn omi tí a ti mọ nọ́ńbà rẹ̀, tí a fi ń tún ẹ̀rọ ṣe kó lè kà dáadáa. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni nọ́ńbà fi ń ṣe ségesège kí n tó lọ ra ọ̀rá rẹ̀ níbòmíràn. Kò sì mọ iyọ̀ òkun yàtọ̀ sí ajílẹ̀: ọjọ́ tí mo ki ìdí rẹ̀ bọ dúrọ́ọ̀mù tí mo ti po NPK sí, ẹ̀rù bà mí.

Síbẹ̀, n kò ní dá a padà. Ara okùn kànga ni mo so ó mọ́ báyìí. Bí nọ́ńbà bá ga, omi òjò inú táǹkì ni ata ń mu, mo sì fi koríko gbígbẹ bo ebè rẹ̀ kí oòrùn má baà rí i fà. Ti kànga di ti àwọn igi àgbọn, tí iyọ̀ kò bà lẹ́rù.