Gbígbé nọ́ńbà lọ, síìmù méjì, tàbí nọ́ńbà tuntun: èwo ló yẹ ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ti sú?

Láti oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà, ìbínú kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà ní ìsọ̀ aṣọ mi ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń yẹ léèsì wò á dá a dúró, á na fóònù sókè wá nẹ́tíwọ̀kì, á ní, "Mo máa fi àwọn èèyàn yìí sílẹ̀ ni." Tí mo bá wá bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń dákẹ́ sí.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ẹ lè ra síìmù nẹ́tíwọ̀kì mìíràn, kí ẹ pa nọ́ńbà àtijọ́ tì. Ẹ lè ra tuntun, kí ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ nínú fóònù kan náà. Ẹ sì lè gbé nọ́ńbà yín gan-an kúrò lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn, kí 0803 yín ṣì máa jẹ́ 0803 bó tilẹ̀ jẹ́ pé Airtel tàbí Glo lẹ ń san owó fún. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní port. Ó ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kẹrin ọdún 2013, síbẹ̀ mo ṣì ń bá ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni pàdé.

N kò ní sọ nẹ́tíwọ̀kì tó yá jù fún yín. Ìyẹn yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò, ilé yín ló mọ èyí tó ń wọ yàrá yín.

Owó

Ọ̀fẹ́ ni port fún ẹni tó ni nọ́ńbà. Síìmù tuntun kò wọ́n. Síìmù méjì ni owó rẹ̀ kì í hàn lójú ẹsẹ̀: dátà méjì ní ń parí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, káàdì méjì lẹ ó sì máa rà.

Nẹ́tíwọ̀kì lójú ọ̀nà

Síìmù méjì ló borí níbí, kò sí àríyànjiyàn. Bí ọ̀kan bá kú ní Mọ́níyà, èkejì lè jí.

Fóònù fúnra rẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn fóònù tó wà lọ́jà wa ló ń gba síìmù méjì. Ẹni tó bá ra iPhone tó ti Amẹ́ríkà wá ni kó kíyè sára: láti orí iPhone 14 tó jáde ní 2022, àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kò ní ojú síìmù mọ́, eSIM nìkan ni wọ́n ń lò, ìyẹn síìmù tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, tí a kì í ki bọ̀ ọ́.

Ta ló ti mọ nọ́ńbà yín?

Ẹ jẹ́ ká jókòó sórí èyí díẹ̀, torí òun ló gba owó àti sùúrù lọ́wọ́ mi.

Ní 2014 ni BVN dé, tí báńkì fi nọ́ńbà fóònù so mọ́ orúkọ àti ìka ọwọ́ wa. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba tún ní kí gbogbo síìmù ní NIN lẹ́yìn. Nọ́ńbà tí a rò pé a kàn fi ń pe èèyàn ti di ohun tí gbogbo nǹkan wa rọ̀ mọ́: OTP (kóòdù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́), alẹ́ẹ̀tì, kóòdù tí WhatsApp máa ń béèrè bí ẹ bá pààrọ̀ fóònù, ìforúkọsílẹ̀ JAMB ọmọ yín.

Mo ti ra nọ́ńbà tuntun rí. Nẹ́tíwọ̀kì tí mò ń lò nígbà náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, kì í wọnú ìsọ̀ rárá. Ọmọkùnrin tó ń ta síìmù lábẹ́ agbòjò ní, "Màmá, ẹ ra èyí, kí ẹ rọra máa sọ fáwọn èèyàn." Mo rà á, mo pe àwọn tó ṣe pàtàkì, síìmù àtijọ́ wọnú pọ́ọ̀sì. Ohun tí ọmọ náà kò sọ ni pé nọ́ńbà tí kò bá pe ẹnikẹ́ni, tí kò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, tí kò lo dátà, tí owó kankan kò jáde lórí rẹ̀ fún ọjọ́ 180, nẹ́tíwọ̀kì láṣẹ láti tì í pa. Bí ọjọ́ 180 mìíràn bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ yín pátápátá, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíì. Òfin NCC ló wí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kò pọ̀ tó láti máa sùn nínú pọ́ọ̀sì.

N kò fura, nítorí app báńkì ti wà lórí fóònù, PIN nìkan ni mo ń tẹ̀. Ìgbà tí fóònù já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ni ọ̀ràn dé. Mo ra fóònù mìíràn, mo gbé app náà sí i, app ní òun ti fi OTP ránṣẹ́ sí 080, ìràwọ̀, ìràwọ̀, ìràwọ̀, àti nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn láìnì àtijọ́. Mo pe nọ́ńbà ara mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìlọrin ló gbé e. Ó ti ń gba alẹ́ẹ̀tì mi tipẹ́, ó mọ iye tí mo tà nígbà Iléyá. Ọmọlúwàbí ni, Ọlọ́run ló yọ mí. Ó ní, "Màmá aláṣọ, ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún wọn, wọ́n ń pè mí láti béèrè àǹkárá."

Ní báńkì, wọ́n ní kí n lọ ṣe àfidáfíìtì ní kóòtù, kí n kọ lẹ́tà, kí n mú káàdì ìdánimọ̀ wá, kí wọ́n kọ́kọ́ tún nọ́ńbà orí BVN ṣe kí wọ́n tó kan ti àkáǹtì. Títí wọ́n fi parí rẹ̀, owó aṣọ ẹbí ń wọlé, n kò sì lè fi ránṣẹ́ sí ẹni tí mo gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kí n lọ tò sórí ìlà níwájú kánńtà pẹ̀lú àwọn bàbá tó wá gba owó ìfẹ̀yìntì.

Èyí tó sì dùn mí ju ti báńkì lọ ni ti náílọ̀nù. Náílọ̀nù tí a fi ń di aṣọ fún oníbàárà, tí nọ́ńbà àtijọ́ wà lára rẹ̀ gàdàgbà gadagba, ti wọ ilé káàkiri Ìbàdàn títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin kan tó ra léèsì ìgbéyàwó fẹ́ ra díẹ̀ kún un. Náílọ̀nù ló wò, nọ́ńbà tó wà lára náílọ̀nù náà ló pè, Ìlọrin ló gbé e. Ìsọ̀ ẹlòmíì ló ti rí èyí tó jọ ọ́ rà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tí a pàdé níbi ìsọmọlórúkọ, tí n kò mọ ojú tí mo máa fi wò ó.

Torí náà, lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ nọ́ńbà yín, báyìí ni mo ṣe wọ̀n wọ́n. Nọ́ńbà tuntun kùnà. Síìmù méjì yege, bí ẹ bá ń rántí fi ti àtijọ́ pe èèyàn tàbí ra dátà kékeré sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló sì ń rántí? Àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston, tí wọ́n gbé síìmù Nàìjíríà dání nítorí OTP báńkì, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí: ẹ jẹ́ kí owó máa jáde lórí rẹ̀. Ní ti port, kò sí ohun tó yí padà. BVN kò mọ̀ pé ẹ kó ilé, NIN kò mọ̀, náílọ̀nù kò mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe port

Ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ ń lọ ni ẹ ó lọ bá, kì í ṣe èyí tí ẹ ń fi sílẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀, tí wọ́n fi ń lọ bẹ ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ̀ sílẹ̀. Ẹ mú NIN àti ìwé ìdánimọ̀ lọ, kí orúkọ tó wà lórí láìnì sì jẹ́ orúkọ yín. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ bá a forúkọ síìmù sílẹ̀ nígbà kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe. Nígbà tí èmi náà wá lọ ṣe port lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kọ́kọ́ fẹ́ ta nọ́ńbà tuntun fún mi. Mo ní port ni mo wí. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá mú fọ́ọ̀mù jáde láti inú dúrọ́ọ̀. Ẹ tẹnu mọ́ ọn.

Wọn á fún yín ní síìmù tuntun tí kò tíì ṣiṣẹ́. Láti orí láìnì àtijọ́ ni ẹ ó ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, PORT, ránṣẹ́ sí 3232. Lẹ́yìn náà, ẹ fi síìmù àtijọ́ sílẹ̀ nínú fóònù títí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ yóò fi lọ, nígbà náà ni ẹ ó wá ki tuntun bọ̀ ọ́. Wákàtí 48 ni NCC fún wọn láti parí rẹ̀.

Ẹ san káàdì tí ẹ yá kí ẹ tó lọ, gbèsè lè dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ sì lo káàdì, dátà àti bónọ́ọ̀sì tó ṣẹ́kù tán, kò sí èyí tó máa bá yín kọjá.

Ibi tí port ti ń dun èèyàn

Ó ní ti ẹ̀, n kò ní purọ́. App báńkì àti àwọn tó ń ta káàdì lórí fóònù máa ń wo nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ láti mọ nẹ́tíwọ̀kì: 0803 jẹ́ MTN lójú wọn, 0805 jẹ́ Glo, 0802 jẹ́ Airtel, 0809 jẹ́ 9mobile tó ń jẹ́ T2 báyìí. Bí ẹ bá ti gbé nọ́ńbà lọ, ìtọ́ka náà ti di irọ́. Ẹ ó máa fi ọwọ́ yí i padà kí ẹ tó tẹ ìsanwó, ẹ sì máa kìlọ̀ fún ọmọ tó ń fi káàdì ránṣẹ́ sí yín láti Èkó. Ẹni tó ń ka bónọ́ọ̀sì ìpè nẹ́tíwọ̀kì kan náà náà á máa ṣì í, torí kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ ibi tí nọ́ńbà yín wà mọ́.

OTP lè falẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ san owó ilé-ìwé.

Ẹ ò sì lè máa fò kiri. Òfin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2013 ni pé ẹni tó bá gbé nọ́ńbà lọ kò gbọ́dọ̀ tún un gbé títí ọjọ́ 90 yóò fi pé. Ẹ bi ṣọ́ọ̀bù nẹ́tíwọ̀kì náà léèrè iye ọjọ́ tó jẹ́ nísinsìnyí kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.

Èwo wá ni kí ẹ mú?

Kí n má ṣègbè: ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó bá mu. Nọ́ńbà tuntun dáa fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba fóònù, fún ẹni tó fẹ́ ya ọjà kan sọ́tọ̀ kúrò nínú òmíràn, àti fún ẹni tó ń sá fún olówó èlé. Síìmù méjì dáa fún awakọ̀, fún ẹni tí ilé àti ìsọ̀ rẹ̀ kò gba nẹ́tíwọ̀kì kan náà, fún ẹni tó wà lókè òkun. Èmi náà ní èkejì nínú fóònù, dátà nìkan ni mo ń rà sí i.

Port wà fún ẹni tó kù: ẹni tó ní BVN, tó ní oníbàárà, tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára pátákó, káàdì ìkésíni tàbí náílọ̀nù. Ẹ ka ara yín wò.

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ ra síìmù olówó pọ́ọ́kú ti nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ ń wò lójú, kí ẹ fi sí ojú kejì fóònù, kí ẹ lò ó nílé, ní ìsọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ní òru àti ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Bí kò bá wọ yàrá yín, ẹ mọ̀ kí ẹ tó di ẹrù. Bó bá wọ̀ ọ́, ẹ lọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Bí wákàtí 48 bá kọjá tí kò sí nǹkan kan, ẹ pe 300 ti nẹ́tíwọ̀kì tuntun, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi yín ṣeré, 622 ni ti NCC, ìpè ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọ́n á sì kọ́kọ́ béèrè.