Ẹ̀yin onífọ́tò, ẹ ṣọ́ra fún fílítà tí wọ́n ń dè mọ́ lẹ́ǹsì gígùn

Ẹ̀yin onífọ́tò ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó owó jọ láti ra lẹ́ǹsì gígùn tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó ṣe tiránsífà. Ẹnì kan tó ń ta lẹ́ǹsì l'Ékòó ló fi fílítà, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lọ́ mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì, fọ́ mi lójú fún odidi oṣù méjì. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí mo rojọ́ fáwọn ẹgbẹ́ mi, mo rí i pé irú ẹ̀ pọ̀, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n sì ń dá. Ọgbọ́n ọ̀hún ni kẹ́ ẹ mọ̀.

Lẹ́ǹsì 100-400 ni mo lọ rà, ìyẹn èyí tó ṣeé nà láti mílímítà 100 dé 400 kó lè fa ohun tó jìn mọ́ra, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 77. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde, kò sí ibi tó họ, ìdọ̀tí ò sí nínú ẹ̀. Bí mo ṣe ní kí n sanwó ni ọmọkùnrin tó ń tajà fa fílítà kan yọ nínú ọ̀rá, kí n sì tó lanu, ó ti lọ́ ọ mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ni ààbò ojú ẹ̀ o. Wárántì oṣù mẹ́ta tá a fún yín, ara fílítà yìí ló wà. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, tí nǹkan bá ṣe lẹ́ǹsì, ọwọ́ wa ò sí níbẹ̀." Mo rò pé ẹ̀bùn ni. Ìgbà tó kọ rìsíìtì ni mo rí i pé ₦35,000 ti gorí owó. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà lára páálí, wọ́n sì tẹ "Multi-Coated" (pé wọ́n kun ojú ẹ̀ léraléra kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa dá padà) yí ẹnu ẹ̀ ká pẹ̀lú lẹ́tà wúrà. Mo san án.

Mo ṣáà ní kí n dán an wò. Ó ní kí n ya òun. Ó dúró ní nǹkan bí mítà mẹ́ta sí mi, ó rẹ́rìn-ín, mo fi 100 yà á, a sì jọ wò ó lójú kámẹ́rà. Ó mọ́ kedere. Ẹ fi ọkàn síbí yìí: nítòsí, ní 100, lójú kámẹ́rà tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Kò sí fílítà tí kò ní yege nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi lẹ́ǹsì náà ṣe ni eré ìdárayá ọlọ́dọọdún iléèwé kan. Mo dúró sí ìparí ọ̀nà eré, mo na lẹ́ǹsì dé 400, mo ń yìn ín lọ ràì. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo ojú àwọn ọmọ náà ló ṣe bàìbàì, bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan láti inú ọkọ̀ tí wíńsíkíríìnì ẹ̀ lọ́ràá. Ìyá kan tẹ̀ mí láago: "Bọ̀dá onífọ́tò, ṣé ọmọ mi nìyí àbí àbúrò ẹ̀?"

Mo ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Mo mú kí ṣọ́tà yára dé 1/2000 sẹ́kọ́ọ̀ndì, bàìbàì. Mo gbé e lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bàìbàì. Mo gbé lẹ́ǹsì lọ bá bàbá kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe, mo san ₦20,000. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá ní, "Ọmọ mi, kò sóhun tó ṣe lẹ́ǹsì yìí o." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ti yọ fílítà sílẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn lọ́ ọ padà kí wọ́n tó gbé e fún mi! Mo ń binú sí bàbá lọ sílé.

Màlúù ló tú àṣírí náà. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi wà létí pápá kan, àwọn lékeléke ń tẹ̀ lé màlúù kiri, mo ń yà wọ́n láti fi kọ́wọ́. Funfun ara wọn ń yọ kọjá etí ìyẹ́, bí òwú tí wọ́n gbọ̀n. Òógùn kán sójú fílítà, ọmọ iṣẹ́ mi yọ ọ́ pé kóun nù ún. Lékeléke kan bà lẹ́yìn màlúù lójijì, mi ò lè dúró dè é, mo yìn ín bẹ́ẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì kó fẹ̀, ó fẹ̀. Mo ń ka ìyẹ́ orí ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo sún àwòrán sísàlẹ̀, mo rí eégbọn létí màlúù. Eégbọn! Mo bojú wo ọmọ iṣẹ́ mi, mo wo fílítà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí ló dé tí fílítà yìí kì í fi ṣe lẹ́ǹsì kúkúrú ní nǹkan kan? Tẹ́ ẹ bá fi lẹ́ǹsì 24 ya nǹkan ní f/4, ìyẹn gígùn lẹ́ǹsì tí wọ́n pín sí mẹ́rin, ihò tí ìmọ́lẹ̀ tó ń tojú kan bọ̀ ń gbà wọlé kò ju mílímítà 6 lọ. Ibi kékeré bẹ́ẹ̀ lára gíláàsì, kò sí bó ṣe lè rí gbágungbàgun tó, ó máa jọ èyí tó tẹ́jú. Àmọ́ ní 400, ní f/5.6, ihò yẹn di mílímítà 71. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ gbogbo ojú fílítà. Gbogbo ibi tó wú àti gbogbo ibi tó jìn lára gíláàsì náà ló máa pawọ́ pọ̀ da ojú kan ṣoṣo rú nínú àwòrán, gígùn lẹ́ǹsì á sì wá sọ ìyàtọ̀ kékeré yẹn di ńlá. Bí ọmọdé tó ń ta kànnàkànnà ni: tọ́wọ́ ẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, á ṣì ba agolo tó wà níwájú ẹ̀, àmọ́ ẹyẹ orí ìrókò á fò lọ.

Tó bá jẹ́ pé gíláàsì náà kàn nípọn lápá kan ju apá kejì lọ, àwòrán á kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Tó bá tẹ̀ kọrọbọtọ bí abọ́, fókọ́ọ̀sì á wá ọ̀nà gbà á. Èyí tó rí wúruwùru ni ikú. Kò sí fókọ́ọ̀sì tó lè tún un ṣe, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe sí i. Gíláàsì fèrèsé ni púpọ̀ nínú àwọn tó pọ́ọ́kú yìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì fèrèsé ni pé wọ́n á da gíláàsì yíyọ́ sórí tin yíyọ́ kó lè tẹ́. Fún fèrèsé, ó tẹ́jú tó. Ojúlówó fílítà, wọ́n máa ń lọ ojú ẹ̀ méjèèjì tí wọ́n á sì dán an ni, ibẹ̀ lowó wà.

Ti ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà tún wà níbẹ̀. Gíláàsì tí wọn ò fi nǹkan kun lójú máa ń dá nǹkan bí 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú kọ̀ọ̀kan, ojú méjì sì ni fílítà ní. Ìmọ́lẹ̀ tó dá padà yẹn á máa ta káàkiri láàárín fílítà, lẹ́ǹsì àti sẹ́nsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Òun ló mú kí funfun lékeléke máa ṣàn. Ẹ gbé fílítà sábẹ́ gílóòbù gígùn, kẹ́ ẹ wo òjìji iná nínú ẹ̀. Tó bá funfun báláú bí ìgbà tó wà nínú díńgí, irọ́ ni "Multi-Coated" tí wọ́n kọ. Tó bá ṣókùnkùn, tó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò, wọ́n kùn ún. Kíkùn ò sọ pé ó tẹ́jú o! Ẹ tún dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀: etí iná náà gbọ́dọ̀ tọ́ gbọnrangandan. Tó bá ń ṣe kólokòlo bí òjìji nínú páànù, ẹ dá a padà fún wọn.

Ìdánwò tó ju gbogbo ẹ̀ lọ kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì. Ẹ bọ́ síta. Ẹ wá pátákó tí lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà lára ẹ̀ lódìkejì títì, ẹ na lẹ́ǹsì dé ìparí, ẹ gbé e lé nǹkan tí kò ní mì, ẹ fi táímà onísẹ́kọ́ọ̀ndì méjì yà á, kí ọwọ́ yín má baà mì ín. Ẹ yọ fílítà, kẹ́ ẹ tún un yà. Ẹ fẹ̀ ẹ́ dé ìparí kẹ́ ẹ tó fi méjèèjì wéra. Ẹni tí kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní "UV ńkọ́?", ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ojú ò lè rí tí wọ́n ní fílítà ń dí: fíìmù ayé àtijọ́ ló nílò ẹ̀. Kámẹ́rà òde òní ti ní ohun tó ń dí UV níwájú sẹ́nsọ̀. Ààbò nìkan ló kù, húùdù tó bá lẹ́ǹsì wá, ìbòrí tó ń yọ síwájú lẹ́nu ẹ̀, sì ń ṣe ìyẹn dáadáa, kódà tí lẹ́ǹsì bá ṣubú. Létí òkun, tàbí nínú eruku ọyẹ́, mo ṣì lè fi fílítà tó dáa sí i. Àwọn lẹ́ǹsì ńláńlá bíi 400 f/2.8 àti 600 f/4 kì í tiẹ̀ lo fílítà ẹnu; ẹ̀yìn ni wọ́n ń ti kékeré bọ̀ ọ́.

Mo ní kí n dá fílítà náà padà fún wọn. Ọmọkùnrin yẹn ní ọjà táwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà, àti pé òun ò rántí pé òun mẹ́nu kan wárántì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí látinú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Mo ń gbọ́ ohùn ọmọkùnrin yẹn lẹ́yìn: "Ààbò ojú ẹ̀ ni o." Mo ní kó bọ́ síta, kó ya pátákó tó wà lódìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ilé ìfọṣọ ni, ìyókù ò ṣeé kà."

"Yọ fílítà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí nọ́ńbà fóònù wọn. Ọjọ́ Sunday, wọn ò ṣí."