Tẹ́mínà Tí Wọ́n Ń Tà ní Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́: Èyí Tó Yẹ ní Rírà àti Èyí Tí Kò Yẹ

Ọjà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni tẹ́mínà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ kékeré tí a ń fi sí ẹnu wáyà kí a tó so ó mọ́ bátìrì, súìṣì tàbí ínfátà. Ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́ ni mo ti rà á, níbi tí àwọn rìwáyà àti àwọn tó ń ṣe sólà ti máa ń rajà. Oríṣi méjì ni mo lò: alábẹ, tó ń ki bọnu ara wọn, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6.3, àti olórùka, tí a ń fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ orí bátìrì.

Ara irin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká jọ bí ẹní ni wọ́n ti ń mú tẹ́mínà jáde. Ẹ̀rọ yóò máa fà á wọlé díẹ̀díẹ̀. Ibì kan nínú rẹ̀ yóò lu ihò sí i, ibòmíràn yóò gé etí rẹ̀, ibòmíràn yóò sì ká apá rẹ̀ sókè, títí tí yóò fi di odidi. Bí abẹ ẹ̀rọ náà bá ti kújú, etí irin tó bá gé yóò rí págunpàgun, a ó sì mọ̀ ọ́n bí a bá fi ìka pá a. Ti alábẹ yìí jọ̀lọ̀ níbi gbogbo. Mo fi ọ̀bẹ họ ara rẹ̀ funfun, ìyẹn tánńganran tí wọ́n fi bò ó kí ó má baà tètè bàjẹ́, àwọ̀ idẹ sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Òòfà kò sì fà á, nítorí òòfà kì í fa idẹ.

Àwọn kan yóò ní bàbà ni àwọn fẹ́, kì í ṣe idẹ. Òtítọ́ ni pé idẹ tí ó ní bàbà 70 àti síńkì 30 nínú 100 kò gbé iná ju nǹkan bí 28 nínú 100 ohun tí bàbà gidi ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n bàbà gidi rọ̀, kì í sì í tètè padà sípò bí a bá fẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni alábẹ kò lè wúlò bí kò bá lè di ìkejì rẹ̀ mú pinpin. Idẹ ló tọ́ síbẹ̀. Nínú ibi tí wáyà ń wọ̀, mo rí àwọn ìlà tín-ín-rín tí wọ́n fín sí i kí ó lè gbá wáyà mú. Lẹ́yìn tí mo fi ẹ̀mú tó yẹ tẹ̀ ẹ́, mo fi ayùn là á sí méjì, okùn wáyà inú rẹ̀ sì ti fún pọ̀ débi pé kò sí àyè tí atẹ́gùn lè gbà wọlé. Iṣẹ́ tó dára gan-an ni èyí.

Olórùka ni kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn gbámú: irin lásán ni, tánńganran ni wọ́n kàn fi bò ó. Ìkùnà ńlá ni èyí, nítorí irin lásán kì í gbé iná dáadáa bíi bàbà, orí bátìrì sì ni iná tó ń kọjá ti ń pọ̀ jù. Ínfátà olóvóòtì 12 tó bá gbé ẹrù 1200 wáàtì yóò fa ámpéè 100, ó kéré tán. Bí ìdènà tí iná ń bá pàdé ní ojúkò ìsopọ̀ náà bá tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún óòmù (ìyẹn ohun tí a fi ń wọn ìdènà iná) péré, ooru wáàtì 10 ni yóò máa jáde lójú kan ṣoṣo. Rọ́bà ara wáyà kò lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí, inú ilé tí ọmọdé ń sùn sí sì ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé bátìrì wọ̀nyí sí.

Owó alábẹ ju ti àwọn tó ń tà á lójú títì lọ díẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò bínú nígbà tí mo yọ òòfà, wọ́n tilẹ̀ tún tú páálí mìíràn fún mi. Ẹ ra alábẹ fún ọkọ̀, fún fáànù àti fún súìṣì. Fún orí bátìrì, ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi ọ̀pá bàbà nípọn ṣe, kí ẹ sì fi òòfà dán an wò níwájú wọn kí ẹ tó sanwó.