MySQL àbí PostgreSQL: èwo ni kí olùbẹ̀rẹ̀ náwó sí fún ìkànnì tó kún fún Yorùbá?

Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń wà níwájú ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bójú tó dátábéèsì ìkànnì. Ó lè ra àyè olówó pọ́ọ́kú lórí sáfà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò, níbi tí MySQL tàbí MariaDB, ìbátan rẹ̀, ti wà pẹ̀lú phpMyAdmin, ojú ìwé tí wọ́n fi ń bójú tó o. Ó sì lè háyà VPS, ìyẹn sáfà àdálò tirẹ̀, kó gbé PostgreSQL sí i. Mo ti lo méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ fìyà jẹ mí, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2016, mo ṣe ìkànnì kan fún orúkọ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn. Ìyá mi ń pè é, mò ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tẹ orúkọ tó lé ní 400. Ọjọ́ tí mo ṣí tébù náà wò, ohun tí mo bá níbi Ọláṣubọ̀mí ni «?lá?ub??mí». Ẹ wò ó dáadáa: á àti í ò bàjẹ́. Ọ àti ṣ ló di àmì ìbéèrè. Ọ̀ tó wà láàárín di méjì, torí kọ̀ǹpútà ka àmì ohùn orí rẹ̀ sí lẹ́tà tó dá dúró.

Latin1, ètò lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè Yúróòpù, ni dátábéèsì tí wọ́n fún mi ń lò, bí MySQL àtijọ́ ṣe máa ń wá nìyẹn. Latin1 láyè fún á àti è, kò láyè fún ẹ, ọ àti ṣ. Lẹ́tà tí kò bá mọ̀, ó lè fi ? rọ́pò rẹ̀, kí iṣẹ́ sì máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá ti di ? nínú tébù kò ṣeé dá padà mọ́. Mo kọ̀wé sí àwọn tí mo ra àyè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n lo bákọ́ọ̀pù. Bákọ́ọ̀pù náà kún fún ?. Ìyá mi tún jókòó tì mí, a tún gbogbo rẹ̀ pè látorí A.

Láti MySQL 8.0, tó jáde lọ́dún 2018, utf8mb4, ètò lẹ́tà tó láyè fún gbogbo lẹ́tà wa, ni wọ́n ń bá wa fi sí i, lẹ́tà wa kì í sọnù mọ́. Àmọ́ ìlànà tó fi ń fi ọ̀rọ̀ wéra, utf8mb4_0900_ai_ci, kì í wo àmì. Ẹ sọ òpó kan di UNIQUE (tí kì í gba ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì), ẹ fi ọkọ sí i, kí ẹ wá fi ọkọ̀ tẹ̀ lé e: «Duplicate entry» lẹ máa rí. Ọkọ ìyàwó àti ọkọ̀ ojú irin, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Tí ẹ bá yí i sí utf8mb4_bin, ó tán, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀?

Ní PostgreSQL, tí ẹ bá ti dá dátábéèsì sílẹ̀ lórí UTF8, ọkọ dúró lọ́tọ̀, ọkọ̀ dúró lọ́tọ̀. Wàhálà tirẹ̀ ni pé fóònù kan lè tẹ ọ ní lẹ́tà kan, kí òmíràn tẹ o kó wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, PostgreSQL á sì ní wọn kì í ṣe ọ̀kan. MySQL tó ń lo utf8mb4_0900_ai_ci á kà wọ́n sí ọ̀kan náà, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Iṣẹ́ normalize(), tó wọlé ní PostgreSQL 13 lọ́dún 2020, ló ń bá mi sọ méjèèjì di irú kan náà kí ọ̀rọ̀ tó wọ tébù.

Ìyókù ò gba àlàyé púpọ̀. phpMyAdmin rọrùn fún ojú ju psql lọ, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún PostgreSQL, àmọ́ psql ló kọ́ mi ní SQL, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún dátábéèsì. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, VPS ló máa ń gbówó lérí ju àyè àjọlò lọ. Ẹ má ṣí ojú ọ̀nà 3306 (ti MySQL) tàbí 5432 (ti PostgreSQL) sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Tí ẹ bá ṣèèṣì pa tébù rẹ́ nínú PostgreSQL lẹ́yìn tí ẹ ti kọ BEGIN, tí ẹ ò sì tíì fi COMMIT fọwọ́ sí i, àṣẹ ROLLBACK á dá a padà. Ní MySQL, tí ẹ bá ti kọ DROP TABLE, àṣẹ tó ń pa tébù rẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tí kò tíì fẹ́ náwó rárá lè fi SQLite, dátábéèsì kékeré tí kò nílò sáfà, kọ́ SELECT, àṣẹ tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀, lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Tó bá jẹ́ WordPress lẹ fẹ́ lò, àyè tó ní MySQL tàbí MariaDB ni kí ẹ rà. Tó bá jẹ́ ìkànnì tí ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ, méjèèjì á gbé e. PostgreSQL ni orúkọ tí ìyá mi pè wà báyìí, kò sì tíì sọ ọ̀kan nù. Èyí tó wù kí ẹ mú, kí ẹ tó sanwó ọdún kan, ẹ gba ti oṣù kan. Ẹ ṣe tébù kékeré, ẹ fi Ọláṣubọ̀mí, ọkọ àti ọkọ̀ sí i. Ẹ gbé bákọ́ọ̀pù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì fi ojú yín kà á lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.