The Clone Wars: Àwo Ojúlówó Tàbí Èyí Tí Wọ́n Dà Sínú Flash?

Ẹni tó bá fẹ́ ní kátúùnù Star Wars yìí nílé ní Èkó, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà: kí ó ra àwo ojúlówó lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà bọ̀ láti òkè òkun, tàbí kí ó mú flash lọ bá àwọn tó ń da fíìmù kọ. Mo ní àwo náà, mo sì ti sanwó fún ti flash rí.

Ní ti owó, flash ló dínwó jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ kì í dé ọwọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Ní ti àwòrán, àwo ojúlówó ti Blu-ray ló mọ́ jù. Tí iná bá lọ, flash ṣì wúlò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni bóyá ohun tí ẹ rà pé. Ìpín (season) méje ni, láti 2008 títí dé 2020, àpapọ̀ apá (episode) rẹ̀ sì jẹ́ 133, ṣùgbọ́n Dave Filoni tó darí rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sọ ìtàn náà ní títẹ̀léra: apá 16 nínú ìpín kejì ló ṣáájú gbogbo ìyókù, apá 16 nínú ìpín kìíní ló tẹ̀ lé e, kí ó tó wá kan fíìmù sinimá ti 2008. Ẹni tí nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ bá ti dàrú, ìtàn ti dàrú mọ́ ọn lójú nìyẹn. Nínú flash tí wọ́n dà kọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkẹjà, àwọn fáìlì kan ní nọ́ńbà, àwọn mìíràn kò ní, fíìmù 2008 kò sì sí níbẹ̀ rárá. Èyí tó dùn mí jù ni ti ogun Umbara, apá 7 sí 10 nínú ìpín kẹrin, níbi tí Rex àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti dìde sí Krell ọ̀gá wọn. Mo wo mẹ́ta àkọ́kọ́ ní alẹ́ Sátidé kan tí iná wà (ará Ṣúúrùlérè mọ bí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó), mo tẹ apá 10, apá 9 ló tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti da fáìlì kan náà sí i lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì yí orúkọ ọ̀kan padà kí iye rẹ̀ lè pé. Nígbà tí mo padà lọ, ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, “Bọ̀dá, bí àwa náà ṣe rí i gbà nìyẹn,” ó sì ní kí n mú owó mìíràn wá kí òun bá mi wá a.

Àpótí àwo tó jáde ní 2013 kó ìpín márùn-ún àkọ́kọ́, apá 108, nọ́ńbà wọn sì pé. Ìpín kẹfà jáde lọ́tọ̀ ní 2014. Àmì agbègbè (region code), nọ́ńbà tó ń sọ agbègbè ayé tí wọ́n ṣe àwo fún, nìkan ni kí ẹ ṣọ́: DVD ti Amẹ́ríkà jẹ́ 1, ti Nàìjíríà jẹ́ 5, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ̀rọ yín ń ka gbogbo agbègbè. Ìpín keje, tí ó jáde lórí Disney+, ìkànnì fíìmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2020, kò sí nínú àwo wọ̀nyí, flash sì gba iwájú níbẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọdé ni yóò máa wò ó lẹ́yìn ilé ìwé, flash tó wọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí apá 10 ìpín kẹrin lójú yín.